Ẹ̀rọ Tó Ń Bá Wa Jẹ́ Ìpè

Èmi ni mo to aṣojú inú kọ̀ǹpútà tí yóò máa dáhùn ìpè fún àwa márùn-ún tó wà ní ọ́fíìsì wa. Ẹ̀rọ ni, àmọ́ ó ń ronú, ó sì ń fọhùn bí ènìyàn. Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Ọlátẹ́jú, ti kìlọ̀ fún mi.

“Mosúnmọ́lá, mi ò fẹ́ kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni kó má dáhùn.”

Mo kọ́ ẹ̀rọ náà ní ohùn wa. Mo ní bó bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ ẹnìkan lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, kó fi ohùn onítọ̀hún bá a jẹ́ ìpè náà.

Ní alẹ́ tí mo parí rẹ̀, gbogbo wọn ti lọ sílé. Mo gbọ́ tí bàtà ń wọ́ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Èmi fúnra mi ni mo ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀.

“Mosúnmọ́lá.”

Ohùn Bàbá Àlàó ni, àgbà ibi iṣẹ́ wa tí a sin lóṣù tó kọjá. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá jẹ́ ìpè òkú yóò bá a lọ ni. Mo fọwọ́ bo ẹnu.

“Mosúnmọ́lá.” Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹ̀rọ náà. Mo fa wáyà rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kún.

“Mosúnmọ́lá.”

Ohùn tèmi gan-an ló dáhùn láti orí tábìlì, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ.

“Ẹ kú alẹ́, sà. Mo ń bọ̀.”