Omi Sódà Nínú Ìgò Omi Mímu

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fojú fo ìtàn yìí. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sáwọn tẹ́ ẹ fẹ́ràn.

Obìnrin kan wà tó ń ṣe ọṣẹ tà nínú ilé. Kíákíá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn. Iṣẹ́ tẹ́lòmíì ń fi ọjọ́ méjì ṣe, òun á ní òun á parí ẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Òun àti ìyá tó bí i lọ́mọ ló jọ ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Sódà funfun, ìyẹn kọ́sítíìkì tó ń jó ara bí iná, ni wọ́n máa ń dà sínú omi. Bó ṣe ń yòrò ni omi á máa gbóná bí ẹni pé iná wà lábẹ́ ẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tutù kó tó pàdé òróró. Tó bá yòrò tán, omi náà á mọ́ lóló, ojú ò ní rí sódà mọ́. Àmọ́ kò lọ síbì kankan o! Inú omi yẹn náà ló wà.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó. "Inú ike sódà ni kó ti tutù. Má gbé e síbi tí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ti lè rí i."

Kíákíá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá mi, ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Lọ́jọ́ burúkú náà, ilé ìtura kan ń retí ọṣẹ, omi sódà ò sì tètè tutù. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, Kíákíá rọ ọ́ sínú ìgò omi mímu, ó tì í sínú fíríìjì, ó lọ wọn òróró lẹ́yìnkùlé.

Ìyá jí lójú oorun ọ̀sán, ọ̀fun wọn gbẹ. Wọ́n mú ìgò tó wà níwájú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbé e mì.

Igbe ni Kíákíá gbọ́ tó fi sáré wọlé. "Màámi! Kí lẹ mu?" Ìyá nawọ́ sí ìgò. Kíákíá ò dúró ronú, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ti ìka bọ̀ wọ́n lọ́fun, wọ́n sì bì í lóòótọ́.

"Ta ló ní kí wọ́n bì í?" Dókítà ló ń béèrè nílé ìwòsàn tí Kíákíá sáré gbé wọn lọ.

"Èmi ni, dókítà. Mo fẹ́ kó yára jáde ni."

"Áà! Ó jó wọn nígbà tó ń wọlé, ẹ tún jẹ́ kó jó wọn nígbà tó ń jáde."

Kíákíá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ẹ̀. "Màámi, ẹ bú mi, ẹ ṣépè fún mi, ẹ ṣáà sọ̀rọ̀." Ìyá di ọwọ́ ẹ̀ mú, omijé ń dà lójú wọn, ohùn ò jáde. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti kú.

Ìwọ tó ń ka èyí, lọ wo fíríìjì rẹ báyìí. Ohun tó yòrò sínú omi kò tíì di omi. Má rọ sódà, má rọ oògùn kòkòrò, má rọ kẹrosíìnì sínú ìgò omi mímu, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹnì kan bá sì ṣèèṣì mu ún, má fipá mú un pé kó bì í, ilé ìwòsàn ni kó o gbé e lọ.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.