Ọpẹ́ Tí Corinne Ò Lè Gbà

Ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà, òkè etí omi ya lu Thurman láàárọ̀ yìí.

Wọ́n ti yọ ọ́ jáde. Ó ń mí. Ẹsẹ̀ kan ló dá.

Verna ìyàwó rẹ̀ di Corinne, ọ̀dọ́mọbìnrin tó kọ́kọ́ sáré débẹ̀, lọ́wọ́ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Ìwọ lo gbọ́ igbe ẹ̀! Ọwọ́ lásán lo fi ń wa iyẹ̀pẹ̀ kí panápaná tó dé. Ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ fi san án?"

"Ẹ má dúpẹ́ mọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Thurman ń rẹ́rìn-ín lórí àkéte tí wọ́n fi ń gbé e lọ.

"Verna, láti ìgbà tí mo ti ń wá eegun àbùùbùtán tó ti di òkúta ní etíkun Maryland yìí, èmi gan-an ni òkè wá fẹ́ sọ di eegun!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Corinne.

"Kí ló tiẹ̀ gbé ẹ débẹ̀," ni Verna bi í, "tí Ọlọ́run fi lò ẹ́ fún wa?"

Corinne fà á lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ó ṣí bùútù. Ó ká aṣọ ìbora kúrò.

Eegun àgbọ̀n àbùùbùtán ni. Ó ti di òkúta, amọ̀ tútù ṣì wà lára rẹ̀.

"Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ìdí òkè yẹn, mà. Mo gbẹ́ ẹ. Bí mo ṣe fa eegun yìí yọ báyìí, ni òkè ya lu bàbá."

Verna tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.