Bọ̀ọ̀lì Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé

Láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, òfin ní kí ẹ̀rọ onílàákàyè ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ fún ọ̀gá nípa òṣìṣẹ́ tó ń gbèrò láti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tiwa kì í ṣì í. Èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta la fi dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìṣe àwọn òṣìṣẹ́, kọ́ ọ. Lónìí, ó dárúkọ Fọlárìn, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà. Àròyé rẹ̀ pọ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ kó lọ. Mo ra bọ̀ọ̀lì, mo lọ bá a nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

“Fọlárìn, kí ni mo ṣe fún ẹ?”

Ó fa ọ̀rá ẹ̀pà kan yọ lábẹ́ tábìlì.

“Ọ̀gá, àwa náà bi ẹ̀rọ léèrè nípa yín. Ó ní ẹ̀yin náà fẹ́ lọ. Ẹ̀pà tí mo fẹ́ fi bẹ̀ yín rèé.”

Lóòótọ́ lèmi náà fẹ́ lọ. Mo fa àga, mo jókòó tì í.

Ẹ̀rọ ò parọ́ mọ́ mi, kò sì parọ́ mọ́ Fọlárìn. Àmọ́ ká tó jẹun tán, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ mọ́ nínú wa; ẹ̀rọ ti di òpùrọ́.