Káàdì Láti Ojú Òkun

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mutmainah wá láti ilé iṣẹ́ rédíò sí ilé àwọn Tinú ní Amukoko. Ó ń ṣe ètò kan nípa àwọn orin ìfẹ́ ìgbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí owó epo dé, tí àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra wọn yan ọkọ. Ọ̀dọ̀ Láídé, ẹ̀gbọ́n Tinú, ló wá. Tinú ò bínú. Ó ti mọ́ ọn lára láti bí àádọ́ta ọdún.

Ta ni ò mọ ìtàn Láídé ládùúgbò? Hameed, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, bá ọkọ̀ òkun lọ láti Apapa lọ́dún 1975. Kò kọ lẹ́tà kankan ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọ̀sán Sátidé, olóòtú ètò kan lórí rédíò á ka káàdì: "Láti ọ̀dọ̀ Hameed lójú òkun, sí Láídé ní Amukoko." Wọn á wá fi orin kan náà sí i, èyí tí akọrin ti ń bẹ olólùfẹ́ rẹ̀ pé kó dúró de òun. Ariwo á sọ nínú ilé. Láídé á fi ìborùn bojú, á máa sunkún, á máa rẹ́rìn-ín.

Kò sẹ́ni tó fi orin ránṣẹ́ sí Tinú rí. Ṣùgbọ́n òun lọ́kọ. Láwàlì, ọ̀rẹ́ Hameed, jẹ́ akọ̀wé tó ń ka ẹrù ní wọ́ọ̀fù. Ó máa ń yà sílé wọn láti béèrè bóyá Láídé ti gbúròó Hameed. Ó yà títí, ìyá wọn ní kó sọ ohun tó ń wá. Láídé tètè dáhùn pé Hameed lòun ń dúró dè o. Láwàlì bá ní Tinú lòun ń wá.

Ọkọ gidi ni. Kì í lu ìyàwó, kì í sùn síta. Ohun kan ṣoṣo tí Tinú fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́ ni àmì rẹ̀. Níbi iṣẹ́, bí ẹrù bá ti pé, Láwàlì á ya àpótí kékeré kan sí igun ìwé, á fi ìlà méjì gba inú rẹ̀ kọjá. Àṣà náà bá a dé ilé. Ó wà lórí ìwé ọjà tó ń kọ fún Tinú, ó wà lára àpò sìmẹ́ńtì, kódà ó wà lẹ́yìn fọ́tò ìgbéyàwó wọn.

"Ṣé ẹrù ni mí ni, Bàbá Àdúrà?" Tinú á bi í.

"O pé ni," Láwàlì á sọ. Inú Tinú á dùn títí di ọjọ́ kejì.

Nígbà kan, ó ní kí Láwàlì kọ káàdì sí rédíò fún òun náà.

"Èmi? Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tí ò níṣẹ́ nìyẹn."

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Àdúràọlá, àkọ́bí wọn, orin Láídé bẹ̀rẹ̀ nínú rédíò. Láwàlì dìde láàárín àlejò, ó ní òun fẹ́ wo ẹran tó wà lórí iná. Orin parí kó tó padà wọlé.

Lọ́dún 1979, káàdì dáwọ́ dúró. Wọ́n ní òkun ti gbé Hameed. Láídé wọ aṣọ dúdú, kò sì fẹ́ ẹlòmíràn títí dòní. Oṣù yẹn kan náà ni ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù fọ́ ìka ọwọ́ ọ̀tún Láwàlì, tí kò lè di bírò mú mọ́. Ó dun Tinú wọra. Ọkọ rẹ̀ ń jẹ̀rora nílé ìwòsàn, Láídé ni gbogbo ilé ń rẹ̀ lẹ́kún. Ohun tó fi tu ara rẹ̀ nínú nígbà náà ló tún fi tu ara rẹ̀ nínú nígbà tí Láwàlì kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn: orin ni ti Láídé, ọkọ ni tòun. Kò ní ju ìyẹn lọ, ó sì tó o.

Mutmainah mú àpòòwé kan jáde.

"Màmá, ibi tá a ti ń palẹ̀ yàrá ẹrù wa mọ́ la ti rí wọn. Káàdì yín ni. Mẹ́rìnlá ló kù."

Láídé ké. Philomena, aládùúgbò wọn, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Mama Laide, na your husband write you so? Chai!"

Láídé gbé àwọn káàdì náà sáyà. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, kò lè kàwé mọ́. "Mi ò rí ìkọ̀wé ẹ̀ rí láyé mi. Tinú, bá mi kà á."

"Nǹkan kan yà wá lẹ́nu," Mutmainah sọ. "Kò sí sítáǹbù lára ìkankan. Ẹnì kan ló ń jù wọ́n sínú àpótí ẹnu géètì wa."

"Àwọn atukọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ ni," Tinú dáhùn. "Ṣebí Apapa ni wọ́n ń gúnlẹ̀ sí." Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun ló ń gbèjà Hameed.

Mutmainah gbé fóònù sókè láti gba ohùn sílẹ̀. Tinú wọ awò ojú rẹ̀, ó to àwọn káàdì sórí itan bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra. Ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí Àdúràọlá.

"Láti ọ̀dọ̀ Hameed lójú òkun," ló bẹ̀rẹ̀. Ó gbé káàdì náà súnmọ́ ojú.

"Kí ló dé?" Láídé bi í. "Ṣé ìkọ̀wé ẹ̀ ò dáa ni?"

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dáa gan-an."

Ó ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tán láìfo ọ̀rọ̀ kankan, Láídé sì ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní igun káàdì kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ orúkọ Hameed, àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí ìlà méjì gba inú rẹ̀ kọjá.