Kókó Mẹ́ta Tó Wà Lábẹ́ Ìjókòó Awakọ̀

Ìwọ tó ń ka èyí, tí o bá pàdé iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ níta, ṣé wàá dá a mọ̀? Má tíì dáhùn. Ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó kẹ́yìn, má sá fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, ibẹ̀ ni ata rẹ̀ wà. Tí o bá kà á tán, fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kì í gbọ́ "dúró".

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe. Dán-bíi-Dígí ni gbogbo ayé ń pè é. Wọn ò pè é bẹ́ẹ̀ lásán: irin tó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, eṣinṣin tó bá bà lé e, yíyọ̀ ni yóò yọ̀ ṣubú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: LỌ́DỌ̀ WA, IRIN Ń DÁN.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ajórin ni bàbá náà, ẹni tó ń fi iná so irin mọ́ irin. Géètì àti bẹ́ẹ̀dì onírin ni àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Nígbàkigbà tí ìyá rẹ̀ bá ní, "Bàbá rẹ ṣe mọ́tò asáré kan rí o," ọmọ á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹun, ẹ jọ̀ọ́." Iṣẹ́ géètì bàbá rẹ̀ ń tì í lójú.

2.
Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbé irin ńlá kan wá lórí tírélà. Ṣáásí mọ́tò asáré ni, ìyẹn egungun tó gbé gbogbo mọ́tò ró. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní táyà, ìdọ̀tí ọdún gbọọrọ ló bò ó.

"Mọ́tò yìí ló gba ipò kìíní láyé ọjọ́un," ni obìnrin náà wí. "A mọ ẹni tó wà á. Ẹni tó ṣe é la ò mọ̀. Gbogbo ajórin ìgbà náà ló ní àmì tó ń fi sára iṣẹ́ rẹ̀. Tí mo bá rí àmì ẹni yìí, orúkọ rẹ̀ ni màá kọ sórí pátákó lẹ́nu ọ̀nà wa. Nítorí náà, Ọ̀gá, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má họ ọ́. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà."

"Màdáámù, ẹ lọ sùn. Ẹ ti gbé e dé ọwọ́ ẹni tó ni iṣẹ́."

3.
Ó fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Irin mọ́ tónítóní, àmọ́ kò dán. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń lọ irin, ó ń lọ, ó ń kọrin. Nígbà tó dé abẹ́ ìjókòó awakọ̀, ó rí kókó irin kéékèèké mẹ́ta tó tò lẹ́sẹẹsẹ.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo itọ́ tí ajórin ọ̀lẹ kan tu síbí!"

Pẹ́ńtà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, Màdáámù ní ká má họ ọ́ o."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀?"

Ẹ̀rọ ké rìì. Ó tún ké rìì. Ó ké rìì lẹ́ẹ̀kẹta. Ó parí.

4.
Lọ́jọ́bọ̀, ìyá rẹ̀ yà wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Ó bá Màdáámù tó ń yẹ irin wò. Ìyá dúró sójú kan. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ irin ìdábùú kan, ó na ọwọ́. Orí ìka àárín bọ́ sí ojú ibi tí wọ́n ti jó o. Ó bọ́ sórí ìkejì. Bákan náà. Ìkẹta, bákan náà.

"Téépù ọkọ mi ti já nígbà náà!" Ohùn ìyá ga bíi ti ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. "Apá mi yìí ló fi wọn gbogbo rẹ̀. Èmi ni téépù! Ẹ wò ó, kò lé, kò dín!"

Pẹ́ńtà pàtẹ́wọ́. Àyà Dán-bíi-Dígí wú. "Bàbá mi? Bàbá mi onígéètì ló ṣe èyí tó gba ipò kìíní?"

"Ta ni ìbá tún ṣe é?"

Màdáámù rẹ́rìn-ín, ó sì mi orí. "Ìyá, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n apá nìkan kò tó ẹ̀rí. Àmì ńkọ́?"

"Ó wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀! Kókó mẹ́ta ló máa ń jó síbẹ̀. Ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún mi, ìkẹta ló fi kún un lọ́jọ́ tí mo bí ọmọ yìí. Ẹ lọ wo géètì ilé mi, irú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

Géètì tí ọmọ ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó. Ibẹ̀ dán débi pé ojú ara rẹ̀ ni ìyá rí.

5.
"Ta ló họ ọ́?" ni Màdáámù bèèrè.

"Bóyá ìpẹtà ló jẹ ẹ́," ni Dán-bíi-Dígí wí. Kò dúró. "Tàbí tírélà ló ha á lọ́nà."

Pẹ́ńtà ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìyá ń fi ìka wá ojú ibẹ̀, bí ẹni ń wá ojú egbò tó ti sàn.

"Ìpẹtà kì í dán, ọmọ mi."

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí Dán-bíi-Dígí tó dá lọ bá Màdáámù, tó jẹ́wọ́, tó ní kí ó fún òun ní bírò. Màdáámù ní, "Mi ò lè kọ orúkọ bàbá yín láìsí àmì. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ṣe sí irin, dandan ni kí n kọ ọ́, bí ẹni tó lọ ọ́ bá fọwọ́ sí i." Ó fọwọ́ sí i.

Ìyá ò sunkún. Gbogbo Sátidé ló ń lọ dúró ti irin yẹn, orí rẹ̀ sókè, tí ń na apá fún àlejò: "Èmi ni téépù!"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kìlọ̀ fún yín o. Tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Ohun tí ẹ ò bá mọ ìdí ẹ̀, ẹ má tún un ṣe. Ẹ gbọ́ ìtàn àgbà nígbà tí ẹnu ṣì wà tó lè sọ ọ́, oúnjẹ kò ní sá lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Tí ẹ bá sì dé ẹnu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, ìlà méjì péré ló wà lórí pátákó:

Ẹni tó ṣe é: a kò mọ̀.
Ẹni tó lọ àmì rẹ̀ dànù: Dán-bíi-Dígí.