Ẹ̀rọ Ló Ní Fẹ́yìsetán Gbà

Fẹ́yìsetán ni wọ́n ṣe èyí sí, ní oṣù kejì ọdún yìí, nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.

Ohun kan ṣoṣo tó kù fún Fẹ́yìsetán láyé ni oko kòkó tí òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ gbìn lọ́nà Emùré. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ti ń rán Dáraọlá ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé nọ́ọ̀sì. Ilẹ̀ ẹbí ni, ṣùgbọ́n ẹbí kì í fi ilẹ̀ lélẹ̀ bí ẹni tó ń dáko níbẹ̀ kò bá tíì gbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é kí wọ́n tó bí i.

Fámúrewá, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni akọ̀wé ẹbí. Olùkọ́ ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹni tí gbogbo ilé fi ń yangàn. Tẹ́lẹ̀, inú ìwé ló máa ń kọ mínìtì sí, á sì kà á sókè kí wọ́n tó tú ká, kí àwọn àgbà lè sọ pé, "Rárá, a ò sọ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló rí áàpù AI kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ohun tí ènìyàn bá sọ nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ṣe é tún un ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rọ̀ kúrú, ó ń ṣa ìpinnu jáde, ó sì ń fi wọ́n hàn kí ẹnikẹ́ni tó dìde lórí àga. Ìgbìmọ̀ ìjọ, níbi tó tún ti jẹ́ akọ̀wé, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń ṣe akọ̀wé fún náà gbà á. Bí ẹnìkan bá ní kí Fámúrewá ka mínìtì sókè, ẹ̀rín ló máa ń rín.

"Kí ni mo tún fẹ́ kà? Ẹ̀yin lẹ máa ń gbàgbé. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé."

2.

Ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ rẹpẹtẹ wá bẹ ẹbí fún ilẹ̀ náà. Aṣojú wọn sọ̀rọ̀ dídùn tán nípàdé ẹbí, Bámgbóyè, olórí ẹbí, wá kọjú sí Fẹ́yìsetán.

"Ìyàwó wa, o ti gbọ́. Kí lo rí sí i?"

Nínú ẹbí yẹn, obìnrin ilé kì í la ẹnu sọ fún àgbà pé òun kọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kúnlẹ̀, á dá awẹ́ obì tí wọ́n fún un padà sínú àwo. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Fẹ́yìsetán kúnlẹ̀. Ó dá obì náà padà. Fámúrewá jókòó ní ọ̀kánkán rẹ̀, ojú wọn sì ṣe mẹ́rin. Bámgbóyè wúkọ́.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Fẹ́yìsetán fi ìbàlẹ̀ ọkàn lọ sílé. Kò mọ̀ pé fóònù Fámúrewá tó wà lórí tábìlì, tí áàpù náà fi ń gbọ́ ìpàdé, kò ní ojú. Ohun tí ẹ̀rọ kọ nìyí: "A bi ìyàwó ilé léèrè. Kò takò ó. Ìpinnu: ẹbí fohùn ṣọ̀kan láti fi ilẹ̀ lélẹ̀."

Fámúrewá kò kà á. Ìpàdé mìíràn ń dúró dè é ní Adó. Ó fọwọ́ sí i lórí fóònù, ó fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà, ó sì wọ mọ́tò.

3.

"Ìyá Dáraọlá! Ẹ jáde o, wọ́n ń wó kòkó yín!"

Kí Fẹ́yìsetán tó sáré débẹ̀, katapílà ti wó ìdajì oko náà lulẹ̀. Àwọn igi náà ṣì ń so. Kòkó tútù fọ́ káàkiri nínú ẹrẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú," ni awakọ̀ wí. "Wọ́n ní ẹ ti gbà. Ó wà nínú mínìtì."

"Ẹnu wo ni mo fi gbà?"

Ó gba ilé Bámgbóyè lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. "Bàbá, ẹ rí mi. Mo dá obì padà lójú yín."

Baba arúgbó náà nu ojú. "Ó jọ pé mo rí i, ọmọ mi. Àbí àlá ni mo lá? Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀rọ ní o ò takò ó, ẹ̀rọ kì í sì í gbàgbé."

Ohun kan náà ni àwọn àgbà ẹbí yòókù sọ. Ọ̀kan tiẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin obìnrin ulé yìí, ẹ ó gbà lálẹ́, ẹ ó kọ̀ láàárọ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ ohùn ìpàdé tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ìbéèrè Bámgbóyè. Ìdákẹ́jẹ́. Nǹkan kékeré kan tó bọ́ sínú àwo. Ikọ́. Àdúrà.

"Ṣé o gbọ́? O ò sọ nǹkan kan."

Àwọn tó fi ojú ara wọn rí i ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

4.

Dáraọlá ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ti hù níbi tí kòkó wà.

Ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ, akọ̀wé ẹgbẹ́, akọ̀wé ẹbí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ lo ẹ̀rọ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò kà. Ẹ kà á sókè lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà. Ẹ̀yin àgbà náà, ohun tí ẹ bá fi ojú yín rí, ẹ má jẹ́ kí fóònù ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ yín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Fẹ́yìsetán lọ bá Fámúrewá ní pálọ̀ rẹ̀.

"Akọ̀wé mi, kòkó ti lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pè mí ní òpùrọ́ nínú ulé tí mo ti bímọ. Ẹ dìde níwájú ẹbí, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí."

Fámúrewá ń wo ilẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ìjọ á bi í nípa mínìtì tiwọn, ẹgbẹ́ á bi í nípa tiwọn.

"Ẹ sọ ohun tí ẹ rí."

Fámúrewá mú fóònù rẹ̀, ó ní ìpàdé kan ń dúró de òun, ó sì jáde.