Pósítà Òkú Vitangelo

Mo gbọ́dọ̀ ya gbogbo ẹ̀ tán kí Màmá tó gba ibí kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹnì kan ti lẹ pósítà òkú Vitangelo, àbúrò mi, yí gbàgede àtijọ́ tó wà létí èbúté ìlú Bari ká. Ó wà lára gbogbo ògiri, títí dé ẹ̀yìn kìnnìún òkúta tí àwọn àlejò ń yà ní fọ́tò.

Èékánná mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Mi ò dúró.

"Addolorata, ṣé pósítà ló pa á ni?" Saverio tó ń ta kọfí ló ń bú mi láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. "Àwọn àlejò ń wò ọ́."

"Kí wọ́n máa wò. Tí Màmá bá rí èyí, wọ́n máa kú. Wá bá mi ya á."

Kò wá. Ẹ̀yìn mi ló ń wò.

Mo yíjú padà. Màmá ti dúró síbẹ̀, nínú aṣọ dúdú.

Mo fi ara bo ògiri.

"Ẹ má wò ó, Màmá. Irọ́ ni. Ìkà kan ló lẹ̀ ẹ́."

Màmá gbé garawa gọ́ọ̀mù kalẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì wà nínú ẹ̀.

"Èmi ni."

"Wọn ò tíì rí òkú ẹ̀. Ọkọ̀ ìpẹja ẹ̀ nìkan ni wọ́n rí."

"Mo mọ̀. Alaalẹ́ ni mò ń bu oúnjẹ ẹ̀ sílẹ̀, àárọ̀ ni mò ń dà á nù. Ọmọ mí kú yá ju ọmọ mí nù."

Wọ́n na búrọ́ọ̀ṣì sí mi.

"Bá mi lẹ ti òkè yẹn. Ọwọ́ mi ò tó o."